Ọmọ atẹdùrù ni Sunny Adé, ọmọ atẹdùrù lèmi náà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tọrọ gáfárà ná. Ọmọ Ìkéré-Èkìtì ni mí, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé nínú èdè ilé wa a kì í pe ẹyọ ẹnìkan ní "wọ́n", kódà kó jẹ́ bàbá àgbà, "ìwọ" la máa pè é tààrà, àwọn ará Ọ̀yọ́ á wá máa wò wá bíi ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. Torí náà tí mo bá ní Sunny Adé "ó ṣe báyìí", tí mo tún ní bàbá mi "ó wí báyìí", kì í ṣe ìwọ̀sí o, bí ẹnu wa ṣe rí nìyẹn.

Ó yá. Bàbá mi ló ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Kì í ṣe dùrù oníná tẹ́ ẹ̀ ń rí báyìí, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni, pákó méjì nísàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, bíi ẹni tó ń ránṣọ lórí máṣíìnì, tó bá sì ní kí ẹsẹ̀ òun sinmi díẹ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tí oorun ń gbé lọ. Ọ̀kan wà nínú àwọn eyín funfun rẹ̀ tí kò dún mọ́ látìgbà tí mo ti gbọ́njú, àárín gbùngbùn ló sì wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kan tí èèyàn lè yà fún. Tí orin bá ti dé ibẹ̀, bàbá mi á fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ohùn yẹn, "hùùn", kó má baà sí ihò nínú orin, á sì máa tẹ̀síwájú bíi pé kò ṣe nǹkan kan. Àwa ọmọdé á máa fi ìwé orin bojú rẹ́rìn-ín. Tẹ́nọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń kọ, èmi wà nínú áltò tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ àfi lọ́jọ́ tá a bá ṣì í kọ, ìyá mi ò bá wọn dá sí kọ́yà ní tiẹ̀, ìrẹsì Ìgbẹmọ ló ń tà, òun ló sì ń bọ́ gbogbo wa torí ẹ̀bùn Kérésìmesì ni ṣọ́ọ̀ṣì ń fún atẹdùrù, wọn kì í san owó oṣù.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á lórí fóònù pé bàbá tó bí Sunny Adé, dùrù ló ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ìyá rẹ̀ sì ń ṣòwò, inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, láàárín Ìkéré sí Adó, mo pariwo débi pé obìnrin tó jókòó tì mí ní "ṣé kò sí o?" ó rò pé wọ́n tẹ̀ mí láago òkú ni. Mo ní rárá mà, ẹnìkan ni mo rí tó jọ wá nílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orúkọ inagijẹ yẹn lásán, Sunday Adéníyì Adégẹ́yè lorúkọ rẹ̀, September 22, 1946 ni wọ́n bí i ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n ará Oǹdó ni wọ́n, ilé ọba ni wọ́n ti wá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti Oǹdó, àfìgbà tó di October 1, 1996 kí wọ́n tó gé Èkìtì sọ́tọ̀, torí náà ọmọ tiwa la máa ń pè é ní ilé ìwé, a sì máa ń bá àwọn ọmọ tí bàbá wọn ti Abẹ́òkúta wá jà lórí pé ta ló ju ta lọ, òun ni àbí Ebenezer Obey. Àbúrò ìyá mi kan, Obey ló ń gbọ́ láàárọ̀ lálẹ́, bó bá dé ilé wa tó bá Sunny nínú rédíò, á bèèrè pé ṣé ẹ ò ní bàtìrì tó dáa ni. Mi ò ní dá ìjà yẹn sílẹ̀ níbí. Ẹni tó bá fẹ́ràn Obey kó máa gbọ́ Obey.

Ohun tó ń dùn mọ́ mi ni bó ṣe wọ iṣẹ́ náà. Ní 1963 ló kúrò nílé lọ sí Èkó, ohun tó sọ fún wọn nílé ni pé yunifásítì ti Èkó lòun ń lọ. Yunifásítì kọ́, orin ló lọ kọ. Ẹ fojú inú wò ó ná, ọmọ ọba, ọmọ atẹdùrù, ó fẹ́ lọ máa ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ilé ń pè ní iṣẹ́ alágbe. Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu nípa àwọn ilé orin nìyí, ilé tó jẹ́ pé orin ni wọ́n fi ń jí tí wọ́n fi ń sùn, àwọn gan-an ló máa ń sọ fún ọmọ pé orin kì í ṣe iṣẹ́. Tí o bá kọ ọ́ fún Olúwa ní Sunday, o ṣeun ọmọ dáadáa, tí o bá kọ ọ́ gba owó ní Saturday, o ti bàjẹ́.

Èmi náà parọ́ tèmi, ẹ má wulẹ̀ máa wò mí. Ní Èkìtì níbí, kí èèyàn sọ pé òun ò lọ yunifásítì, àfi bíi kó sọ pé òun ò jẹ iyán mọ́, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọsibítù ná. Mo sọ nílé pé lẹ́sìnnì JAMB ni mò ń lọ ní Adó, lóòótọ́ mo lọ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ìyókù ilé bàbá kan ní Ajílòṣun ni mò ń yà sí, bàbá tó ti ta gìtá tẹ́nọ̀ nínú báǹdì jùjú nígbà ayé rẹ̀ tí ìka rẹ̀ kan ti wọ́. Ó bèèrè pé ṣé obìnrin náà fẹ́ ta gìtá, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní kò burú, jókòó. Ó wá kọ́ mi ní ohun kan, ẹyọ kan péré, ohùn mẹ́fà tó ń yípo, ó ní kí n máa ta á lọ kí n má ṣe kúrò níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ta ohùn mẹ́fà, okùn gé ìka mi, mo ń fi bàálùmù pa á lálẹ́, tí mo bá ní kó kọ́ mi ní òmíràn á ní "o ti kúrò níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì látàárọ̀, mo gbọ́ ọ". Mo rò pé ó fẹ́ kí owó lẹ́sìnnì mi tán ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ẹni tí mò ń sọ. Báǹdì Moses Olaiya ló kọ́kọ́ wọ̀ ní Èkó, Federal Rhythm Dandies, orin háíláìfù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Bàbá Sàlá nínú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú aago gbàǹgbà tó máa ń gbé kọ́ra, òun náà ni, olórin ni kó tó di aláwàdà. Ó di 1967 kí Sunny tó dá tiẹ̀ sílẹ̀, kò tíì ju ọmọ ọdún 21 lọ, ó pe báǹdì náà ní Green Spots, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí gbogbo ayé ń wárí fún nídìí jùjú nígbà yẹn ni I.K. Dairo, tí báǹdì tiẹ̀ ń jẹ́ Blue Spots, tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fún ní oyè MBE láti 1963. Ẹ ò rí ìyẹn bí? Àgbà ní búlúù, ọmọdé ní gíríìnì lòun. Ọdún tó tẹ̀lé e ló kọrin kan nípa ife bọ́ọ̀lù, ìyẹn ló jẹ́ kí Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé ta nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi ń kọ èyí kì í ṣe ìtàn, ẹ lè rí ìtàn níbikíbi. Ohun kan ni mo gbọ́ tí mo fẹ́ kẹ́yin náà lọ gbọ́. Ẹ gbé orin rẹ̀ kan tó gùn, èyí tó gba ojú àwo kan tán, ẹ fi nǹkan sí etí méjèèjì, kẹ́ ẹ má ṣe tẹ̀lé ohùn tó ń kọrin rárá. Ẹ kọ́kọ́ wá gìtá tó ń ṣe ohun kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, bíi ẹni tó ń gún iyán tí kò rẹ̀ ẹ́. Ẹ mú ìyẹn dání. Ẹ wá wá èkejì tó ń dá a lóhùn láàárín àyè tó fi sílẹ̀. Ẹ wá ẹ̀kẹta. Wọn ò jà, kò sẹ́ni tó ń gun ẹnì kejì lórí, bí ọ̀kan bá sọ tiẹ̀ á dákẹ́ díẹ̀ kí òmíràn rí àyè, básì ń rìn lábẹ́ gbogbo wọn, ìlù gángan ń ṣe ìjọ̀ngbọ̀n tiẹ̀ lọ́tọ̀. Gìtá tí Sunny fúnra rẹ̀ ń ta nínú rẹ̀ lè má pọ̀ rárá, ẹyọ ẹyọ ló máa ń jù ú síbẹ̀ bíi iyọ̀. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé kì í ta gìtá bíi ti àwọn òyìnbó tó máa ń ta á títí gìtá á fi fẹ́ gbiná. Mo ní ẹ dákẹ́ jàre. Ẹni tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́mọdé tó ń gbọ́ tírẹ́bù, áltò, tẹ́nọ̀ àti básì lójoojúmọ́ Ọlọ́run, tí bàbá rẹ̀ ń fi ọwọ́ méjì kó gbogbo wọn jọ, kò ní gbọ́ gìtá bíi ohùn ẹyọ kan, kọ́yà ló máa gbọ́. Èrò tèmi ni o, kò sọ ọ́ fún mi. Àmọ́ ọjọ́ tó yé mi báyìí, mo rántí ohùn mẹ́fà Ajílòṣun, mo sì jókòó sílẹ̀. Áltò ni bàbá yẹn ń kọ́ mi láti ọjọ́ yìí. Áltò tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ àfi tí o bá ṣì í.

Àwọn tó ṣíwájú rẹ̀ náà ṣe tiwọn o. Ayinde Bakare ló ti fi iná sí gìtá jùjú láti bíi òpin 1940s, Dairo ló gbé akọ́díọ̀nù wọ inú rẹ̀. Sunny wá yọ akọ́díọ̀nù kúrò, ó fi gìtá kún gìtá, ó tún wá mú pedal steel wọlé, gìtá àwọn olórin kántìrì Amẹ́ríkà, èyí tó ń ké bíi ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú nínú orin Jim Reeves tí wọ́n máa ń fi sínú rédíò wa ní gbogbo Kérésìmesì. Demola Adepoju ló ń ta á fún un, ọwọ́ yẹn náà ni Paul Simon gbà sínú àwo Graceland ní 1986. Ta ló rò pé gìtá màlúù màlúù àwọn yẹn lè bá gángan sọ̀rọ̀? Mo máa tún padà sórí pedal steel yìí, ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé.

Owó ńkọ́? Ilé iṣẹ́ tó ń bá a gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde nígbà yẹn, African Songs, òun pẹ̀lú wọn fa ọ̀rọ̀ owó àti ìwé àdéhùn títí ó fi dé kóòtù, ìgbà tó sì bọ́ níbẹ̀, ní 1974, ó dá tiẹ̀ sílẹ̀, Sunny Alade Records. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn rẹ̀ ju apá ìlú òyìnbó lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, báǹdì kan ní Adó pè mí fún òkú àgbà kan, wọ́n ní ẹni tó ń ta tẹ́nọ̀ fún wọn ṣàìsàn, ọ̀gá báǹdì ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lòun máa fún mi. A bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, a ò kúrò lórí ìdúró títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn ọmọ olókùú ń jó bọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń lẹ owó mọ́ wa lórí, àwọn ọmọdé méjì ń kó o sínú báàgì Gáná-mọ́-ọ̀n-gó, mo rí i lójú mi pé báàgì náà wú. Ìgbà tá a parí, ọ̀gá ní owó epo jẹnẹrétọ̀, ó ní owó sípíkà, ó ní owó mọ́tò, ó ní àwọn agbòfinró gba tiwọn lójú ọ̀nà, ó wá ka ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lé mi lọ́wọ́, ó tún ní "o ta á dáadáa o, ọmọbìnrin". Mo ní ìwé àdéhùn dà? Ìwé wo? Èmi tí mi ò gba ìwé kankan. Ọ̀kadà tí mo gùn lọ sí Fájuyì lóru ọjọ́ yẹn, ẹkún ni mo sun lẹ́yìn rẹ̀, ọlọ́kadà rò pé òkú tèmi ni. Ní báyìí, ẹni tó bá pè mí, àní kó jẹ́ ìdajì owó kó wọ àkáǹtì mi kí n tó gbé gìtá jáde nílé, ẹni tó bá sọ pé ìwà ìgbéraga nìyẹn, kó pe ẹlòmíràn.

Apá ìlú òyìnbó náà rèé ní kíákíá. Bob Marley kú ní May 1981, Island Records tó ń gbé e jáde ń wá ẹni tí wọ́n máa gbé ga lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bá Sunny sọ̀rọ̀, wọ́n gba ohùn àwo kìíní sílẹ̀ ní Lomé, ní Tógò níbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọmọ Faransé kan, Martin Meissonnier, ló bójú tó o, ó jáde ní 1982, wọ́n pè é ní Juju Music. Yorùbá ló fi kọ ọ́ o! Àwọn òyìnbó ń jó sí òwe tí wọn ò gbọ́. Èkejì, Synchro System, 1983, ìyẹn ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà Grammy, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ní 1984, Stevie Wonder fi hamóníkà sí i. Lẹ́yìn ìyẹn Island fi í sílẹ̀, ọjà ò lọ tó bí wọ́n ṣe fọkàn sí i, wọ́n ní wọ́n tiẹ̀ fẹ́ kó máa fi òyìnbó kọrin dáadáa kò sì gbà. Ọdún yẹn kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti Japan dé, àwọn ọmọ báǹdì rẹ̀ kó ẹrù wọn, ọ̀rọ̀ owó náà ni. Mo mọ̀ pé èmi tí mo sunkún lórí ọ̀kadà, ó yẹ kí n wà lẹ́yìn àwọn ọmọ báǹdì, mo sì wà lẹ́yìn wọn díẹ̀, kí n má purọ́. Báǹdì tó lé ní ogún èèyàn, ta ló mọ iye tó ń kan ẹni tó ń ta ohùn mẹ́fà?

Ó kàn padà sílé ni, ó kó àwọn mìíràn jọ, Golden Mercury, ó ń ṣe àwo fún àwa tá a gbọ́ ọ. Ní ìparí 1980s sí ìbẹ̀rẹ̀ 1990s, kò sí òkú, kò sí ìkómọ, kò sí ìwúyè tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò dún ní Ìkéré, láti ìsàlẹ̀ òkè Olósùnta lo ti máa gbọ́ ọ. Grammy tún dárúkọ rẹ̀ fún àwo Odù tó jáde ní 1998. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù, ní 2009, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò nínú ẹ̀kọ́ orin. Ẹni tó parọ́ pé yunifásítì lòun ń lọ! Mo sọ èyí fún bàbá mi, Èkìtì pọ́ńbélé tí kì í gbà pé nǹkan ṣẹlẹ̀ àfi tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá fọwọ́ sí i, ó ronú díẹ̀, ó ní "ó dáa, ìwọ máa lọ ná, tó bá yá kí wọ́n fún ìwọ náà ní ti àlejò."

Pedal steel. Mo ní kẹ́ ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde tó kọjá, mo wà ní Ìkéré. Bàbá mi ò tẹ dùrù mọ́, eékún rẹ̀ ò jẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì ti ra kíbọ́ọ̀dù, ọmọkùnrin kan tó ń kàwé lọ́wọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́, tó bá fẹ́ kí ìlù máa lu ara rẹ̀ á kàn tẹ bọ́tìnnì, bàbá mi kì í sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ àfi pé ó máa ń kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó kọ orin ìkẹyìn. A jókòó síta torí iná ò sí, ìyá mi ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Mo ṣí fídíò Sunny kan tó ti pẹ́ lórí fóònù, àwọn báǹdì náà pọ̀ lórí ìtàgé, mo fà á lójú kó tóbi, mo ní bàbá, wo ẹni tó jókòó yìí. Nǹkan náà gùn gbọọrọ níwájú ọkùnrin náà, ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi tábìlì tí wọ́n fi ń lọṣọ, ó ń fi irin yọ́ lórí okùn.

"Kí nìyẹn?"

Mo ní gìtá ni.

"Gìtá tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ báyìí? Kí ló ń fi ẹsẹ̀ ṣe nísàlẹ̀?"

Mo ní ó ń tẹ̀ ẹ́ ni, pákó wà níbẹ̀, tó bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn okùn á gòkè, tó bá jọ̀wọ́ rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún tún ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀. Bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà sí i. Ìyá mi ní ṣé ó fẹ́ gíláàsì rẹ̀, kò dá a lóhùn.

"Dá a padà sẹ́yìn."

Mo dá a padà. Ó tún ní kí n dá a padà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo wo ilẹ̀ láti wá ibi tí mo gbé ife omi mi sí, mo sì rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ àga, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, jẹ́jẹ́. Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì ti bọ́, kò mọ̀.